Kí ló ń sọ fún wa pé a ti yó, kí sì ni ìdí tí a fi ń jẹun kọjá ibẹ̀?

Ní Bonamoussadi, àdúgbò ńlá kan ní ìhà àríwá ìlú Douala ní orílẹ̀-èdè Kamẹrúùnù, oúnjẹ kì í jìnnà sí ènìyàn. Ní òwúrọ̀, àwọn obìnrin tí ń din puff-puff ti jókòó sí ẹ̀bá títì pẹ̀lú ìkòkò ẹ̀wà àti ẹ̀kọ mímu. Ní ọ̀sán, ndolé ni: ewúro tí wọ́n fọ̀ dáadáa, tí wọ́n sì sè pẹ̀lú ẹ̀pà lílọ̀, edé àti ẹran. Bí ilẹ̀ bá sì ti ṣú, èéfín ẹja yíyan a gba ojú pópó. Wọn a gbé ẹja náà kalẹ̀ pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀ dídín tàbí bobolo, ìyẹn ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rẹ, tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n sì fi ewé wé gbọọrọ kí wọ́n tó sè é.

Ọmọ Yorùbá tí ó bá ti Ìbàdàn tàbí Kútọnu dé ibẹ̀ kò ní pẹ́ kí ó tó mọ orúkọ àwọn oúnjẹ náà. Ọ̀rọ̀ tí ó máa ń tẹ̀lé wọn kò sì ní ṣe àjòjì sí i rárá: "Ẹ jẹ díẹ̀ sí i." Yálà ní Douala ni o, tàbí ní Òṣogbo, ẹni tí ó gba àlejò kì í fẹ́ kí àwo àlejò òun gbẹ. Láàárín gbogbo ìpèsè yìí ni ìbéèrè kan wà tí ó dà bí ìbéèrè ọmọdé: báwo ni ènìyàn ṣe ń mọ̀ pé òun ti yó?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò dáhùn pé ikùn ni ó máa ń kún. Ọwọ́ ikùn wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́. Oríṣiríṣi ìránṣẹ́ ni ó ń gbé ìròyìn yíyó lọ sí ọpọlọ, àwọn ìránṣẹ́ náà kì í sì í dé lẹ́ẹ̀kan náà. Ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro wà, nítorí pé ọwọ́ tí ń bu òkèlè yá ju púpọ̀ nínú wọn lọ.

Ìránṣẹ́ tí ó kọ́kọ́ dé, àti àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn

Ní ọdún 1912, Walter Cannon, onímọ̀ nípa iṣẹ́ ẹ̀yà ara ní Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà, àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ A. L. Washburn, gbé àbájáde ìwádìí kan jáde. Washburn fúnra rẹ̀ ni ó gbé fèrè rọ́bà kan mì, irú èyí tí àwọn ọmọdé ń fẹ́, tí wọ́n so mọ́ ọ̀pá rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan kí ẹ̀rọ lè máa kọ ìmira àpò oúnjẹ rẹ̀ sílẹ̀. Nígbàkígbà tí ó bá fi àmì hàn pé ebi ń ta òun, ẹ̀rọ náà ń fi hàn pé àpò oúnjẹ náà ń fún pọ̀.

Ìwádìí yìí mú kí ọ̀pọ̀ gbà pé inú ikùn ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà parí sí. Ṣùgbọ́n àwọn aláìsàn tí oníṣègùn ti gé gbogbo àpò oúnjẹ wọn kúrò ṣì ń sọ pé ebi ń pa àwọn, wọ́n sì ṣì ń sọ pé àwọn yó. Ó hàn gbangba pé àwọn ìránṣẹ́ mìíràn wà.

Ohun tí a mọ̀ lónìí ni pé àpò oúnjẹ ni ó ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Bí oúnjẹ bá ti ń wọlé ni ó ń fẹ̀, ó sì lè gba lítà kan sí lítà kan ààbọ̀. Iṣan ìmọ̀lára kan tí wọ́n ń pè ní vagus ni ó ń gbé ìròyìn fífẹ̀ náà lọ sí ọpọlọ. Ṣùgbọ́n ìránṣẹ́ yìí kò mọ̀ ju bí ẹrù ṣe tóbi tó lọ. Kò fi bẹ́ẹ̀ mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹ̀fọ́ tí omi pọ̀ nínú rẹ̀ àti ọbẹ̀ tí òróró léfòó lórí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ṣíbí ìjẹun ńlá kan òróró, tí kò gba àyè kankan nínú ikùn, ní nǹkan bí kálórì 120 nínú.

Ìránṣẹ́ kejì ń ti inú ìfun kékeré wá. Nígbà tí ọ̀rá àti èròjà amúaradàgbà bá dé ibẹ̀, ìfun a tú họ́mónù kan tí ó ń jẹ́ cholecystokinin sínú ẹ̀jẹ̀. Ní 1973, Gibbs, Young àti Smith fi hàn pé bí a bá fún eku ní họ́mónù yìí, oúnjẹ tí yóò jẹ a dínkù. Láti ìsàlẹ̀ ìfun ni GLP-1 àti PYY ti ń wá ní tiwọn. GLP-1 yìí ni oògùn semaglutide, tí àwọn ènìyàn mọ̀ sí Ozempic tàbí Wegovy, ń fara wé, ìdí sì nìyẹn tí ẹni tí ń lò ó fi ń tètè ti àwo sẹ́yìn. Dókítà ni ó gbọ́dọ̀ kọ ọ́ fún ènìyàn. Kì í ṣe ohun tí à ń rà lọ́wọ́ ẹni tí ń kiri ọjà.

Òdìkejì wọn ni ghrelin, tí Kojima àti Kangawa pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní orílẹ̀-èdè Japan kéde ní 1999. Ebi ni iṣẹ́ tirẹ̀. Ó máa ń ròkè kí àkókò oúnjẹ tó dé, ó sì máa ń lọ sílẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ. Ó tún mọ àsìkò: ẹni tí ó bá ti mọ́ lára láti máa jẹun ní aago méjì ọ̀sán, ebi a máa yọjú sí i ní déédéé wákàtí náà, bí ẹni pé àwọn méjèèjì jọ dá ìpàdé. Leptin, tí Jeffrey Friedman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàwárí ní Amẹ́ríkà ní 1994, ń ti inú ọ̀rá ara wá ní tirẹ̀. Kì í ṣe ìránṣẹ́ oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan; ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ àti oṣù ni ó ń rò fún ọpọlọ. Lára ọ̀pọ̀ ẹni tí ó sanra púpọ̀, leptin kò wọ́n, ọpọlọ ni kì í fi bẹ́ẹ̀ kọbi ara sí i mọ́.

Fún ẹni tí ó jókòó ti àwo, àkókò ni ó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo èyí. Ìròyìn tí ń ti inú ìfun wá kì í tètè dé; àwọn oníṣègùn sábà máa ń fi í sí nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 lẹ́yìn tí a bẹ̀rẹ̀ sí jẹun. Ẹ wá wo òkèlè. Iyán, ẹ̀bà, àmàlà, àti fùfú tí àwọn ará Kamẹrúùnù ń fi ọbẹ̀ eru jẹ, a kì í rún wọn lẹ́nu. Gbígbé mì ni. Ẹni tí ebi ń pa lè pa àwo ẹ̀bà kan rẹ́ ní ìṣẹ́jú méje. Ọ̀fun rẹ̀ ti ṣe tán, ìfun rẹ̀ kò tíì sọ̀rọ̀, ó sì rò pé òun kò tíì yó, ló bá ní kí wọ́n fi kún un. Nígbà tí ìránṣẹ́ bá fi máa dé, àwo kejì ti wọlé. Ohun tí ènìyàn ń gbọ́ nígbà náà kì í ṣe "mo ti yó" mọ́; "inú mi ti le jù" ni.

Èdè wa mọ ìyàtọ̀ yìí láti ọjọ́ pípẹ́. Kí ebi kúrò nínú yàtọ̀ sí àjẹyó, àjẹyó sì yàtọ̀ sí àjẹkì. Àwọn àgbà tí ó sọ pé ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run, kò rí GLP-1 rí, ṣùgbọ́n wọ́n ti rí ẹni tí oúnjẹ ṣe léṣe.

Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n jẹun kọjá yíyó fún oṣù méjì

Kò sí ibi tí a ti dán agbára yíyó wò tó ibì kan ní Kamẹrúùnù yìí kan náà. Ibẹ̀ jìnnà sí Douala, ní ìkángun àríwá orílẹ̀-èdè náà, lẹ́bàá odò Logone tí ó pààlà pẹ̀lú orílẹ̀-èdè Chad. Àwọn ẹ̀yà Massa tí ń gbé níbẹ̀, tí wọ́n jẹ́ àgbẹ̀, apẹja àti olówó màlúù, ní àṣà kan tí wọ́n ń pè ní guru walla. Ọ̀dọ́mọkùnrin a ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ fún nǹkan bí oṣù méjì, kò ní ṣe iṣẹ́ líle, yóò sì máa jẹ oúnjẹ ọkà bàbà àti wàrà màlúù lọ́pọ̀ ìgbà, tọ̀sán tòru. Ẹwà àti iyì ni ó ń wá. Ara rẹ̀ tí ó kún tí ó sì ń dán ni yóò sọ fún gbogbo ìlú pé màlúù àti ọkà kò wọ́n nílé bàbá rẹ̀.

Igor de Garine, onímọ̀ àṣà ìjẹun láti ilẹ̀ Faransé, fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìwádìí láàárín wọn. Ní 1992, Patrick Pasquet àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àkọsílẹ̀ jáde nípa ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́sàn-án tí wọ́n wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ guru walla dé òpin rẹ̀. Láàárín nǹkan bí oṣù méjì, ìwọ̀n ara wọn fi kìlógíráàmù 17 lé sí i, ní ìpíndọ́gba. Ọ̀rá ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Apá kejì ìtàn náà ni ó yani lẹ́nu jù. Ní 1994, Pasquet àti Marian Apfelbaum ròyìn ohun tí wọ́n rí nígbà tí wọ́n tún àwọn ọkùnrin náà wọ̀n ní nǹkan bí ọdún méjì ààbọ̀ lẹ́yìn náà. Wọ́n ti padà sí ìwọ̀n tí wọ́n wà kí wọ́n tó wọ guru.

Ohun méjì ni mo rí dì mú nínú èyí. Àkọ́kọ́ ni pé yíyó jẹ́ ògiri gidi. Kí ènìyàn tó lè fò ó lójoojúmọ́ fún oṣù méjì, ó gba àṣà, ó gba àyẹ́sí, ó sì gba kí a má ṣe iṣẹ́ kankan. Èkejì ni pé ara àwọn ọkùnrin wọ̀nyẹn kò gbàgbé ìwọ̀n rẹ̀: nígbà tí wọ́n padà sí oko àti ẹran dídà, tí ebi tún di ohun tí ń pè wọ́n sídìí oúnjẹ, ara náà padà sí ààyè rẹ̀. Ṣùgbọ́n guru ní ọjọ́ tí ó ń parí. Ní ìlú ńlá bí Douala tàbí Èkó, kò sí ọjọ́ tí wọ́n ń gbé igbá wàrà kúrò nílẹ̀.

Àyẹ́sí ara sísanra náà kò sì dúró sí ọ̀dọ̀ àwọn Massa. Ní 2013, Emmanuel Cohen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé nípa bí àwọn Bamiléké, tí ọ̀pọ̀ wọn ń gbé ní Douala, ṣe ka ara títóbi sí àmì ọlá àti àlàáfíà. Àwọn Èfìk ní Calabar ní ilé tí wọ́n ń fi àfẹ́sọ́nà sí láti sanra kí ó tó lọ sílé ọkọ. Àwa náà sì rèé, tí a máa ń kí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìrìn àjò dé pé ara rẹ̀ ti jọ ti ọlọ́lá.

Ojú àti ìrántí náà ń jẹun

Ní 1998, Paul Rozin ti Yunifásítì Pennsylvania àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ròyìn nípa ọkùnrin méjì tí àìsàn ọpọlọ ti gba agbára ìrántí lọ́wọ́ wọn, tí wọn kì í rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìṣẹ́jú díẹ̀ sẹ́yìn. Wọ́n fún wọn ní oúnjẹ ọ̀sán, wọ́n jẹ ẹ́. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10 sí 30, wọ́n gbé oúnjẹ ọ̀sán mìíràn síwájú wọn, wọ́n tún jẹ ẹ́. Nígbà tí wọ́n gbé ẹ̀kẹta wá, lọ́pọ̀ ìgbà wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí jẹ ẹ́. Ikùn wọn kún, ṣùgbọ́n ẹni tí kò rántí pé òun jẹun kò rí ìdí tí òun kò fi ní jẹun.

Kò di dandan kí àìsàn ṣe ènìyàn kí ó tó rí báyìí. Ẹni tí ń wo bọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Kamẹrúùnù lórí tẹlifíṣọ̀n, tí ọwọ́ rẹ̀ sì ń lọ ń bọ̀ nínú àwo ẹja, kò lè sọ iye tí ó ti jẹ nígbà tí eré bá parí. Fóònù náà ń ṣe iṣẹ́ kan náà lórí tábìlì oúnjẹ.

Adùn pẹ̀lú ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Láti 1981 ni Barbara Rolls àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣàlàyé pé oúnjẹ tí a ń jẹ lọ́wọ́ ni ó ń sú ni. Èyí tí a kò tíì fọwọ́ kàn ṣì ń wu ni. Ẹni tí kò lè gbé ṣíbí ìrẹsì kan mọ́ yóò rí àyè fún mọ́ínmọ́ín, lẹ́yìn rẹ̀ yóò tún rí àyè fún àkàrà òyìnbó. Ẹ ò rí i pé òde àríyá Yorùbá ni ibi tí wọ́n ti fi ìdí èyí múlẹ̀ jù láyé!

Ohun tí ń yọ́ wọlé

Ohun mímu dídùn máa ń kọjá lójú àwọn ìránṣẹ́ láìjẹ́ kí wọ́n rí i. Ní 2000, DiMeglio àti Mattes ti Yunifásítì Purdue fún ènìyàn 15 ní ṣúgà tí iye kálórì rẹ̀ dọ́gba ní ọ̀nà méjì: súìtì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, àti ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin mìíràn. Nígbà tí wọ́n ń jẹ súìtì, wọ́n dín oúnjẹ mìíràn kù láìmọ̀. Nígbà tí wọ́n ń mu ún, wọn kò dín nǹkan kan kù. Agolo ẹlẹ́rìndòdò kan sábà máa ń ní nǹkan bí gírámù 35 ṣúgà nínú.

Oúnjẹ tí iléeṣẹ́ ti ṣe ní àṣejù ń ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Ní 2019, Kevin Hall àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gba àgbàlagbà 20 sínú ilé ìwádìí ìjọba Amẹ́ríkà ní Bethesda, wọ́n sì ní kí wọ́n jẹ ìwọ̀n tí ó bá wù wọ́n. Ní ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n ń jẹ oúnjẹ iléeṣẹ́, wọ́n ń jẹ tó kálórì 500 lójúmọ́ ju ti ọ̀sẹ̀ méjì oúnjẹ tí a sè láti inú èròjà tútù lọ. Wọ́n tún ń yára jẹ ẹ́.

Ọmọ tí ó yí ojú kúrò

Ibi tí a ti ń ba etí ara jẹ́ jù ni ìgbà ọmọdé. Ọmọ ọwọ́ tí ó bá yó a yí ojú kúrò lára ọmú. Bí ó bá dàgbà díẹ̀, a pa ẹnu dé, a ti ọwọ́ ìyá sẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ ni ó ń sọ. Àṣà kí a gbé ọmọ dùbúlẹ̀ sórí itan, kí a sì máa fi àtẹ́lẹwọ́ rọ ọ́ lẹ́kọ títí ikùn rẹ̀ yóò fi le, ni à ń fi pa ọ̀rọ̀ náà mọ́ ọn lẹ́nu. Ó sì léwu ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ẹ̀kọ lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ.

Ní 1987, Leann Birch àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi kan láti máa fetí sí ikùn wọn, wọ́n sì kọ́ àwọn mìíràn láti máa jẹ ohun tí ó wà nínú àwo tán. Àwọn ti àkọ́kọ́ ń dín oúnjẹ kù nígbà tí ohun tí wọ́n kọ́kọ́ jẹ bá lágbára. Àwọn ti èkejì kò ṣe bẹ́ẹ̀. A mọ ìdí tí ìyá fi ń sọ pé "jẹ ẹ́ tán": ó ti rí ọjọ́ tí kò sí. Ohun tí ó dára jù ni kí a bu díẹ̀ fún ọmọ, kí ó sì béèrè sí i.

Bí a ṣe lè gbọ́ ọ kí ó tó pẹ́

Ara kì í pariwo, ṣùgbọ́n ó máa ń fi àmì hàn. Òkèlè àkọ́kọ́ ni ó máa ń dùn jù. Nígbà tí adùn bá ń rọlẹ̀, tí ọwọ́ bá ń falẹ̀, tí ènìyàn bá mí kanlẹ̀ tàbí tí ó gùfẹ̀, ìránṣẹ́ ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ fi ọwọ́ sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ tó bu ẹ̀ẹ̀kejì. Bí ó bá ṣì jẹ́ ebi, ebi náà yóò dúró dè yín. Ó tún ṣàǹfààní kí a kọ́kọ́ jẹ ẹ̀fọ́ àti ẹja kí a tó kọjú sí bobolo tàbí ẹ̀bà, nítorí wọ́n ń gba àyè, wọ́n sì ń jí àwọn họ́mónù ìfun. Àwọn Mùsùlùmí tí ń fi dàbínù àti omi ṣínu nínú oṣù Ramadan, tí wọ́n sì kírun kí wọ́n tó padà sídìí oúnjẹ, ti fún ìránṣẹ́ náà láyè láti rìn.

Ó ṣòro jù fún ẹni tí kò jẹun láti òwúrọ̀. Ẹni tí ó jáde ní Bonamoussadi ní kùtùkùtù lọ síbi iṣẹ́ ní Akwa tàbí Bonanjo, tí kò sì fi nǹkan kan ẹnu títí ilẹ̀ fi ṣú, kò lè bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ ìwọ̀ntúnwọ̀nsì níwájú ẹja yíyan. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Oúnjẹ ọ̀sán kékeré ni yóò gbà á lọ́wọ́ àwo alẹ́ ńlá. Ní ti ẹni tí ó gbàlejò yín, kò sí ìwọ̀sí nínú kí ẹ sọ pé: "Ẹ ṣé o, mo ti jẹ àjẹyó. Ẹ bá mi dì í, màá mú un lọ sílé."

Ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ tí ó sì ń lo insulin kò gbọ́dọ̀ torí pé òun ń dín oúnjẹ kù fo oúnjẹ láìbá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀, nítorí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ lè lọ sílẹ̀ dé ibi tí ó léwu. Bí òkèlè mẹ́ta péré bá ti ń mú ènìyàn yó lójijì, tí ó sì ń rù, tí ó ń bì tàbí tí inú ń run ún, kí ó má ṣe dúpẹ́ pé òun ti mọ ìwọ̀n jẹun: ó lè jẹ́ ọgbẹ́ inú, ó sì lè jẹ́ ohun tí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ebi kì í kúrò lára rẹ̀ bí ó ti wù kí ó jẹun tó, tí òùngbẹ ń gbẹ, tí ó sì ń tọ̀ lemọ́lemọ́, ní láti lọ yẹ ṣúgà ara rẹ̀ wò. Ẹni tí ó sì ń jẹun ní ìkọ̀kọ̀ títí ara yóò fi ni ín, tí kò lè dáwọ́ dúró, tí ojú sì ń tì í lẹ́yìn náà, àìsàn ni ó ń ṣe é, kì í ṣe wọ̀bìà. Ìtọ́jú wà fún un.